Kò Kọ̀, Ó Ń Lọ́tìkọ̀ Ni

Mo ti gbé bírò lé ibi tí wọ́n kọ "Wọ́n kọ̀" sí lórí fọ́ọ̀mù, ó ku kí n fa ìlà, ni màmá tó ń bá wa kiri àdúgbò bá gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má kọ ìyẹn. Obìnrin yìí ò kọ̀. Ó ń lọ́tìkọ̀ ni."

Ìtòkú ni, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 2010, nínú àgbàlá àwọn aláró. Àwa mẹ́ta la jọ ń ti ojúlé dé ojúlé. Ẹnì kan ń kán oògùn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ̀kán méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni akọ̀wé: mo ń fi tàdáwà kun ìka ọmọńdinrín wọn, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri ilé, mo sì ń fa ìlà sórí fọ́ọ̀mù. Màmá yìí ló mọ ènìyàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kó mọ ènìyàn. Èmi ò kà á sí iṣẹ́ nígbà náà.

Ìyá ìbejì ni obìnrin tó wà níwájú wa. Màmá ti kí i, "Àrẹdú o!", ó sì ti dáhùn, àmọ́ kò gbójú sókè. Ó ń yọ aṣọ kúrò nínú ìkòkò aró. Èmi ni mo sọ ohun tó gbé wa wá. Ó ní, "Baba wọn ò sí nílé." Mo ní kí wá ni ti baba nínú ẹ̀kán méjì péré. Ó ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó dé ná." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń lọ́ aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ́ ọ títí omi fi dá lára rẹ̀, ó tú u, ó tún lọ́ ọ. Kò sí omi kankan lára aṣọ yẹn mọ́, ó ṣì ń lọ́ ọ. Ojú rẹ̀ wà lára kúlà oògùn tí a gbé kalẹ̀.

Ohun tí màmá rí nìyẹn tí èmi ò rí. Ẹni tó bá kọ̀ á ti pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, á ti ti ilẹ̀kùn. Obìnrin yìí ò wọlé, kò sì lé wa. Ara rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, ọkàn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi a máa sọ pé, "Kí lo ń lọ́tìkọ̀ sí?" bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ tí mo wá ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìbáwí ni mo ń gbọ́ ọ sí, mo rò pé orúkọ mìíràn fún ọ̀lẹ ni. Ọjọ́ yẹn n'Ìtòkú ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹnì kan fi gbèjà ènìyàn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Lọ́ tí mo ń gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó jọ lọ́ tí a fi ń lọ́ aṣọ létí mi, tí okùn fi ń lọ́ mọ́ra, ó sì jọ èyí tó wà nínú lọ́ra. Kọ̀ tó wà níparí rẹ̀ kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń lọ́tìkọ̀ ti ń wo kíkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá yarí, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí o fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe ní tirẹ̀, àkókò rẹ ló ń jẹ. Ẹni tó ń lọ́ra lè fẹ́ràn nǹkan ọ̀hún dáadáa, ara rẹ̀ ni kò yá. Ti ẹni tó ń ṣiyèméjì, orí ló wà: ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Ẹni tó ń lọ́tìkọ̀ lè gbà pé òótọ́ ni, kó gbà pé ó dára, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má gbé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún nínú ọ̀rọ̀. "Ó lọ́tìkọ̀ díẹ̀ kó tó gbà." Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní ìbéèrè kankan. Àmọ́ bí o bá ní, "Ó kọ̀ kó tó gbà," ẹni tó ń gbọ́ ọ á dúró, á fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín: ta ló bẹ̀ ẹ́, ta ló halẹ̀ mọ́ ọn? Lọ́tìkọ̀ ti fi àyè sílẹ̀ fún gbígbà nínú ara rẹ̀. Mo rí ìlọ́tìkọ̀ nínú ìtumọ̀ Bíbélì kan, ní 2 Kọ́ríńtì 9:7, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ pé kí a má fi ìlọ́tìkọ̀ ṣe ọrẹ. Nínú Bíbélì tí a fi tọ́ èmi dàgbà, onínúdídùn ọlọ́rẹ ni Ọlọ́run fẹ́. Mo gbé méjèèjì síra, mo rí i pé ọwọ́ ẹni tó ń lọ́tìkọ̀ lè mú nǹkan wá. Owó rẹ̀ á bọ́ sínú àwo. Inú rẹ̀ ni kò tíì bá a lọ.

Màmá jókòó lórí àpótí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá ìbejì léèrè aró. Ọjọ́ mélòó ni ìkòkò yìí ti wà nílẹ̀? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fẹ́ rẹ àbí oníko? Èmi ń wo aago. Aṣọ tí wọ́n yọ wà lórí okùn. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò; orí okùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ tó fi ń di aró, díẹ̀díẹ̀, lójú ẹni. Kó tó dúdú tán ni obìnrin náà sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ kan gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ara ọmọ gbóná lóru, nígbà tó gbé e padà lọ láàárọ̀, wọ́n jágbe mọ́ ọn pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọmọ náà yè, ó ń lọ síléèwé. Igbe yẹn ni kò kúrò létí ìyá ìbejì. Oògùn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń rò ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ta ni yóò dá òun lóhùn?

Màmá ò bá a jiyàn. Ó fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó júwe ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà. "Bó jẹ́ aago méjì òru, wá kan ilẹ̀kùn." A dìde, a lọ. Nítorí pé kò sí àyè fún un lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀gbẹ́ ìwé ni mo kọ ọ́ sí: ó ń lọ́tìkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ìbejì fa ọmọ kan lọ́wọ́ jáde, ó pọn èkejì. Ó ní, "Ẹ fún Táyé ná." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, màmá wò mí, mo pa ẹnu mi mọ́. A kán an sẹ́nu Táyé, mo kun ìka rẹ̀, Kẹ́yìndé ń yọjú léjìká ìyá wọn. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé Táyé ni Kẹ́yìndé máa ń rán ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò, bó bá ké pé ayé dùn ni òun náà á tó wá. Ìyá wọn ti tún rán Táyé níṣẹ́ tí wọ́n rán an látọ̀run. Lọ́jọ́ kẹta, fúnra rẹ̀ ló gbé Kẹ́yìndé wá bá wa lẹ́bàá ọjà, ó ní ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ìgúnpá. Bó bá jẹ́ pé mo ti fa ìlà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ni ì bá wá bá a, ohùn mìíràn ni wọn ì bá sì mú wá.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mò ń lọ́tìkọ̀." Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ti ẹlòmíràn ni. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ a máa sọ nǹkan mìíràn, mo sì ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ wọ́n sí. "Baba wọn ò sí nílé." "Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán." "Ọmọ ń sùn." "Ẹ lọ ná, ẹ padà bọ̀." "A máa rí i sí i." "Wọ́n ti fún wọn níléèwé", tí kò sì sí tàdáwà kankan lára ìka ọmọ. "Ó dáa, mo ti gbọ́ yín." Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló le jù nínú wọn, torí ó jọ gbígbà. Mo ti gbọ́ yín kì í ṣe mo gbà fún yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fa ìlà fún un bí ẹni tó gbà.

Òótọ́ sì ni pé ọmọ a máa sùn nígbà mìíràn, baba a sì máa rìnrìn àjò. Bí mo ṣe ń mọ ìyàtọ̀ ni pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sùn lóòótọ́ á dá àkókò fún ọ: "Ẹ padà wá láago mẹ́rin." Ẹni tó ń lọ́tìkọ̀ kì í dá àkókò. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Á máa tú gèlè wé, á máa ṣa èérún ilẹ̀, á máa nu ohun tó ti mọ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ọdún méjì lẹ́yìn ti Ìtòkú ni. Màmá ò sí pẹ̀lú wa, ara rẹ̀ ò yá. A dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọ̀dọ́ kan tó gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ sáyà, gbogbo ohun tó ń sọ kò ju "a máa rí i sí i" lọ. Oòrùn mú, ó ti rẹ̀ mí, yìnyín inú kúlà ti ń yọ́. Mo lọ pe landlọ́ọ̀dù. Bàbá náà wá, ó jágbe, ó ní ẹni tí kò bá gbà kó yáa wá ilé mìíràn lọ. Obìnrin náà gbé ọmọ wá kíá. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu ọmọ. Mo fa ìlà mi, iye ilé tí wọ́n yàn fún wa lọ́jọ́ náà pé, inú mi dùn relé.

Nígbà tí a tún padà dé àdúgbò náà, ó ti rí wa lókèèrè, ó ti ti ilẹ̀kùn pa. A kàn án títí, kò dáhùn. À ń gbọ́ ẹkún ọmọ nínú yàrá, títí ó fi ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu tí ohùn náà fi pa. Ìyẹn ti kúrò ní ìlọ́tìkọ̀. Ó ti kọ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe tó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Mo lè pa á níwájú àwùjọ. Ọjọ́ tó yẹ kó wúlò fún mi, n kò rántí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ láìgbé kúlà dání, kó tó ṣílẹ̀kùn fún mi láti tọrọ àforíjì. Ọmọ náà ti ń rìn nígbà yẹn.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lókè ọya, ó sì tóbi ju ojúlé kan lọ. Lọ́dún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan níhà àríwá, Kano nínú wọn, dá oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí ìfura pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Ó di 2004 kí Kano tó tún bẹ̀rẹ̀, àrùn náà sì ti ràn padà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọba àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ni wọ́n bẹ̀ kí wọ́n bá àwọn èèyàn wọn sọ̀rọ̀. Borno ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn náà ti àdáyébá gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, lọ́dún 2016. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn náà ti àdáyébá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo rántí ọwọ́ tí aró bò.

Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, ní 2019, àjọ yìí kan náà ti ka ìlọ́tìkọ̀ níwájú abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ohun mẹ́wàá tó ń halẹ̀ mọ́ ìlera ayé. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí a lọ, olùkọ́ wa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa: ó ní "kíkọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀". Màmá gbé ọwọ́ sókè. Ó ti dàgbà sí i, ó sì jókòó sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe àwọn èèyàn wa ní ohun tí wọn kì í ṣe. Bí a bá ti pè é ní kíkọ̀ láti ibí, bí ẹni ń lọ bá ọ̀tá ni àwọn ọmọ yìí á ṣe máa kan ilẹ̀kùn." Yàrá dákẹ́. Olùkọ́ náà pa ohun tó kọ sójú pátákó rẹ́, ó ní kí màmá sọ èyí tó yẹ kí òun kọ.

Èmi a máa ronú kan Mósè. Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 3 àti 4. Ta ni èmi tí n ó fi lọ? Bí wọ́n bá bi mí ní orúkọ rẹ ńkọ́? Wọn ò ní gbà mí gbọ́. Ẹnu mi wúwo. Rán ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló yí ara padà lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, a sì dá a lóhùn ní ẹ̀ẹ̀márààrún. Inú bí Ọlọ́run sí ti ìkarùn-ún, àmọ́ kò kọ orúkọ Mósè sábẹ́ "Ó kọ̀". Ó ní Áárónì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò bá a lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí mo bá ń padà sí ilé ẹni tó ń lọ́tìkọ̀, kì í ṣe ọ̀gá ló yẹ kí n mú dání. Aládùúgbò tí ọmọ tirẹ̀ ti gbà á ni mò ń bẹ̀, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí ìyá ọkọ bí àárín wọn bá gún. Ẹni tí yóò kàn jókòó tì í.

Oṣù Kẹwàá 2023 ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ wọ ètò àjẹsára ní Nàìjíríà, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń ṣàlàyé fún àwọn ìyá. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó mú ìwé wá láti iléèwé pé kí òbí buwọ́ lù ú.

Mo fi ìwé náà sábẹ́ rédíò. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ọmọ yìí, òun nìkan ni mo sì bí. Àwọn kan ń sọ kiri pé abẹ́rẹ́ náà máa ń ba ilé-ọmọ jẹ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti dúró níwájú àìmọye ìyá, mo ti là á yé wọn pé irọ́ ni, mo sì ti rí ohun tí àrùn jẹjẹrẹ yẹn ń fi ojú obìnrin rí. Síbẹ̀ ìwé wà lábẹ́ rédíò. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní kí á dá ìwé padà o." Mo ní, "Jẹ́ kí Dádì dé ná."

Mo gbọ́ ara mi. Ọ̀rọ̀ ìyá ìbejì gan-an ni, ó kàn jẹ́ pé ẹnu mi ló ti jáde.

Ọmọ náà wò mí. "Ṣé ẹ kọ̀ ni?"

"Rárá o, mi ò kọ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"Mò ń lọ́tìkọ̀ ni."

Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níléèwé wọn, èmi náà sì jẹ̀bi, mi ò sọ Yorùbá tó sí i létí. Mo ní kó rántí bó ṣe máa ń dúró ti omi tútù láàárọ̀ ọyẹ́: á bu omi, á dà á padà sínú báàfù, á fi ẹsẹ̀ kan tọ́ ọ wò, á sá sẹ́yìn. Mo ní ìyẹn ni lọ́tìkọ̀. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Àmọ́ mo máa ń padà wẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ máa ṣe é."

Mo pe màmá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò bá mi wí. Kò sọ fún mi pé èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo la ń lọ?"

Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn, ó sì bá wa lọ. Ọmọ mi jókòó láàárín wa lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì níwà ọmọlúàbí. Ó nu apá ọmọ, ó gbé abẹ́rẹ́, ó dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀."

Mo wo ọwọ́ mi. Mo ti di etí aṣọ iléèwé ọmọ mi mú, mo sì ń lọ́ ọ. Màmá ò rí i, àmọ́ ó nawọ́, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi kàn án, ó gbá a mú. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

Nọ́ọ̀sì fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo tú etí aṣọ náà sílẹ̀.